Ẹ̀yin tó ń kan bàálù nílé, ẹ má dá gbé apá yẹn o
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ti ń parí apá bàálù rẹ̀ nínú wa, yálà ní Kubwa tàbí Kaduna, jọ̀ọ́ má dá gbé e. Kì í kúkú ṣe torí pé ó wúwo, atẹ́gùn ni wàhálà ibẹ̀, ọyẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí ò mọ̀ pé owó ńlá lẹ fi ra alumíníọ̀mù, ó máa gbá a bí ìgbà tó bá ká páànù òrùlé ni. Ìdájí tí atẹ́gùn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ló dáa jù. Kí ẹni méjì gbé e, kẹ́nì kan ṣoṣo máa pàṣẹ. Ibi tí spar (ọ̀pá gbọọrọ tó gbé apá náà ró láti ìdí dé orí) tàbí ríbù (àwọn egungun tó dábùú ọ̀pá yẹn) wà ni kẹ́ ẹ ti dì í mú, awọ alumíníọ̀mù tó wà láàárín ríbù méjì ò tó mìlímítà kan, ó máa tẹ̀ wọnú ni, etí ẹ̀yìn tó tín-ín-rín yẹn ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ ní kí káfíńtà kan férémù onígi, ẹ fi kápẹ́ẹ̀tì àlòkù kọ́ sáàárín ẹ̀, kí etí iwájú apá náà jókòó sínú kápẹ́ẹ̀tì yẹn. Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ẹ wọ̀ ọ́ jàre, etí alumíníọ̀mù tí wọn ò tíì fi fáìlì ha ń gé èèyàn lọ́wọ́ gan-an.