Bí Mo Ṣe Fi Èédú Ya Yàrá Mi

Ẹni tó bá fẹ́ fi èédú ya yàrá ara rẹ̀, kó má kọ́kọ́ ro ti ẹrù tó wà níbẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ni kó wò. Yàrá tèmi ní Ìbàdàn kò tóbi: bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, fáànù, àti báàgì Ghana-must-go lórí wọ́dúróòbù. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ìlà-oòrùn ló sì kọjú sí, nítorí náà àárọ̀ ni mo fi yà á. Tó bá fi di ọ̀sán, òjìji á ti ṣí kúrò, èèyàn á wá máa ya yàrá méjì pọ̀ sínú bébà kan.

Oríṣi èédú méjì ni mo lò. Ọ̀kan ni ẹ̀ka igi willow tí wọ́n sun láìjẹ́ kí atẹ́gùn kàn án. Ó fúyẹ́, aṣọ gbígbẹ lásán ló ń nù ún kúrò. Èkejì ni lẹ́búlẹ́bú èédú tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò mọ́ra. Ìyẹn dúdú kirikiri, àmọ́ tó bá ti wọnú bébà, kì í fẹ́ jáde mọ́, ìparí iṣẹ́ ni mo fi í pa mọ́ sí. Èédú ìdáná náà ń yàwòrán o, ṣùgbọ́n ó le, ó sì ń ha bébà. Kí bébà náà má sì dán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èédú á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni.

Mo fi willow kun gbogbo ojú bébà, mo fi àkísà nù ún títí ó fi di àwọ̀ eérú. Mo wá fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan la àárín rẹ̀ kọjá, níbi tó bá ojú mi dọ́gba bí mo ṣe jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Etí bẹ́ẹ̀dì, etí tábìlì, ibi tí ògiri ti pàdé àjà, gbogbo ohun tó ń lọ sẹ́yìn ló ń forí lé ojú ibi kan náà lórí ìlà yẹn. Ẹ̀kọ́ yìí ni Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tẹnu mọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ l'Ékòó, débi tí wọ́n fi ń pè é ní Mr. Perspective; perspective ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Írésà ni mo fi fa ìmọ́lẹ̀ jáde látinú eérú náà. Kí rọ́bà ìpàwé tó dé ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1770, inú búrẹ́dì làwọn ayàwòrán ń lò. Mo dán an wò: ó ṣiṣẹ́, àfi èérún rẹ̀ tí èèrà wá kó.

Báàgì ni mo gbádùn jù. Mi ò ya gbogbo ìlà ara rẹ̀. Ibi tó ti wú, ìlà tẹ̀. Ibi tó ti ká wọnú, ìlà ṣẹ́. Àwọn ibi tó ti ṣẹ́ yẹn nìkan ni mo yà, ojú ẹni tó ń wò ó ló ń parí ìyókù.

Mo gbé àwòrán náà síwájú dígí, torí dígí ń yí àwòrán padà, àléébù tí ojú ti mọ́ lára á sì yọ síta. Mo tún fi fóònù ya yàrá náà ní dúdú àti funfun kí n lè fi wọ́n wéra. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín gíláàsì fèrèsé bọ́ sórí àwọ̀n ẹ̀fọn ló dára jù. Ṣùgbọ́n abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀yìn wọ́dúróòbù dúdú bákan náà nínú tèmi, nígbà tí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣókùnkùn jù lọ nínú fọ́tò. Ibẹ̀ ni mo fi èédú oní-gọ́ọ̀mù tẹ̀ mọ́lẹ̀, yàrá sì jìn síi lójú ẹsẹ̀.

Ìyá tá a jọ ń gbélé yọjú.

"Ṣé ìwọ lo yà á? Ó dáa o. Àmọ́ kí ló ń ṣe fáànù ẹ, àbí ó mutí ni?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wọ́, mà."

Òótọ́ ni. Ìdí fáànù yẹ kó rí gbọọrọ bí ẹyin tó dùbúlẹ̀, tèmi rọ̀ sápá kan. Mo ti fín in ní sípúréè irun kí èédú má baà gbọ̀n dànù, nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà.

Ilẹ̀ iwájú ṣófo jù, kò sọ nǹkan kan. Mo fi rúlà àti bíléèdì gé ínǹṣì méjì kúrò nísàlẹ̀ bébà, bẹ́ẹ̀dì sì sún mọ́ ẹni tó ń wò ó.