Bí A Ṣe Ń Wá Ẹ̀yà Tó Bá Hítà Omi Àtijọ́ Mu

Bí hítà omi ilé ìwẹ̀ bá kọ̀ tí kò gbóná mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n gba ọjà lọ, kí wọ́n dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kí wọ́n sì ní àwọn fẹ́ ẹ́límẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn irin inú rẹ̀ tó ń mú omi gbóná. Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Orúkọ tó wà lára páálí kò sọ ohun tó wà nínú. Ilé-iṣẹ́ kan náà lè fi oríṣiríṣi ẹ́límẹ́ǹtì sínú hítà lítà 50 láàárín ọdún díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ mélòó kan lè máa ra témósítáàtì (ohun tó ń pa iná nígbà tí omi bá ti gbóná tó) lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ìwọ̀n ló ń mú kí ẹ̀yà bá ẹ̀rọ mu: fóòtì, wáàtì, tírẹ́ẹ̀dì (eyín tí wọ́n fi ń yí i wọlé), gígùn, àti ibi tí ihò bóòtù wà. Ẹni tó bá mú ìwọ̀n wọ̀nyí dání, pẹ̀lú ògbólógbòó ẹ̀yà náà lọ́wọ́, sábà máa ń rí ohun tó ń wá, kódà bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe hítà náà bá ti kógbá sílé.

Hítà tó ní táǹkì là ń sọ níbí, lítà 10 sí 100, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri. Èyí tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀ láìní táǹkì yàtọ̀ sí i.

Ṣé ẹ̀yà ló bàjẹ́ lóòótọ́?

Ẹ wo abẹ́ hítà náà dáadáa kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Bí omi bá ń jò níbi tí páìpù ti wọlé, tàbí létí àwo irin tí wọ́n fi bóòtù dè, wọ́sà tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì (rọ́bà abẹ́ àwo tí kì í jẹ́ kí omi jò) ló gbó; ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n bí omi aláwọ̀ ìpẹtà bá ń kán láti inú páànù ara rẹ̀, táǹkì inú ló ti lu, kò sì sí ẹ̀yà tó lè gbà á là. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á jó o, ẹ má gbà. Ọ̀pọ̀ táǹkì hítà ni wọ́n fi gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ bò nínú. Ooru wẹ́díà á fọ́ gíláàsì náà, ìpẹtà á sì gba ibẹ̀ wọlé. Owó hítà tuntun ni kí ẹ máa kó jọ.

Iná tó ń wọlé náà lè jẹ̀bi. Ẹ́límẹ́ǹtì tí wọ́n kọ 1500 W sí lára ń mú 1500 W nígbà tí iná bá jẹ́ 230 V. Bí iná bá lọ sílẹ̀ sí 180 V, bó ṣe máa ń rí ládùúgbò tí tiransifọ́mà kan ṣoṣo ń gbé ilé tó pọ̀ jù, agbára rẹ̀ á já sí nǹkan bí 920 W. Omi lítà 50 tó yẹ kó kúrò ní 27°C dé 60°C ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 77 á wá gbà ju wákàtí méjì lọ. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná wọn fóòtì nígbà tí hítà ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó dá ẹ́límẹ́ǹtì lẹ́bi.

Ẹ tú u jáde

Ẹ pa bíríkà, kí ẹ sì fi tẹ́sítà wo gbogbo wáyà bóyá iná ṣì wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì hítà nìkan kò tó. Nílé tí wọ́n ti gbé wáyà pupa sí ipò dúdú, bọ́tìnnì lè pa èyí tí kò ní iná, kí iná sì ṣì wà lára ẹ́límẹ́ǹtì.

Ẹ jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tutù. Ẹ ti omi tútù tó ń wọlé, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé, kí ẹ wá da omi táǹkì jáde láti ẹnu páìpù omi tútù. Ẹ fi fóònù ya àwòrán wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yọ ọ̀kankan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú àwọn bóòtù, kí ẹ sì fa ẹ́límẹ́ǹtì bọ́ sílẹ̀. Bí èépá funfun bá ti bò ó débi pé kò gba ojú ihò jáde, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi igi fọ́ èépá náà. Ẹ kó gbogbo èépá tó bá wà nísàlẹ̀ táǹkì jáde. Ibi tí omi kànga ẹ̀rọ ti le ni èyí ti máa ń pọ̀: èépá á bo ẹ́límẹ́ǹtì, ooru kò ní ráyè bọ́ sínú omi, irin náà á sì gbóná títí á fi bẹ́.

Ẹ yẹ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò

Mọ́tímítà kékeré tó ń wọn òómù, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ yọ gbogbo wáyà kúrò lára ẹ́límẹ́ǹtì, kí ẹ wá wọn ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Èyí tí wọ́n ṣe fún 230 V yẹ kó fún yín ní nǹkan bí:

1200 W: òómù 44
1500 W: òómù 35
2000 W: òómù 26
2500 W: òómù 21
3000 W: òómù 18

Bí mítà kò bá sọ nǹkan kan rárá, wáyà inú ẹ́límẹ́ǹtì ti já. Bí òómù bá pé, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ mítà kan sí ẹnu ẹ́límẹ́ǹtì, kí ẹ fi ìkejì kan irin ara rẹ̀, níbi tí mítà ti lè ka òómù tó pọ̀ jù. Kò yẹ kó ka ohunkóhun. Bó bá kà, iná ti ń jò sínú omi. Irú ẹ́límẹ́ǹtì yìí ló ń mú kí ẹ̀rọ omi máa ta ènìyàn lọ́wọ́, tàbí kí bíríkà máa já. Ó ṣì lè mú omi gbóná dáadáa, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ikú ni wọ́n ń fi ṣeré, pàápàá nílé tí kò ní wáyà àásì, èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀.

Témósítáàtì tó tutù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iná kọjá. Mítà á ka nǹkan bí òdo láàárín ẹnu ìwọlé àti ẹnu ìjáde. Bí kò bá kà á, ẹ wá bọ́tìnnì kékeré kan, pupa tàbí funfun, lórí rẹ̀. Ó máa ń yọ síta bí omi bá ti gbóná kọjá ààlà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bó bá tún yọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, témósítáàtì náà kò pa iná mọ́ nígbà tó yẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ so wáyà méjèèjì pọ̀ kó má gba inú témósítáàtì kọjá mọ́. Ẹ má gbà fún wọn láéláé. Omi á hó, agbára inú táǹkì á máa pọ̀ sí i, bí fáàfù ààbò tó ń jẹ́ kí agbára náà bọ́ síta bá sì ti dí, táǹkì lè bú gbàù.

Ẹ̀yà tí àwọn oníbàárà kì í béèrè ni ọ̀pá magnesium, èyí tó wà lára àwo kan náà pẹ̀lú ẹ́límẹ́ǹtì nínú ọ̀pọ̀ hítà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa jẹrà dípò táǹkì. Bó bá ti ku wáyà àárín rẹ̀ nìkan, irin táǹkì ló kàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tú hítà tí kò ra ọ̀pá yìí fi ẹ̀yà tó wúlò jù fún ọjọ́ ayé táǹkì sílẹ̀.

Ẹ wọn ọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ohun tó wà lára àwo ìsọfúnni hítà kọ, kí ẹ tún nu ara ẹ́límẹ́ǹtì àti témósítáàtì kí ẹ lè rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ńbà ara ẹ̀yà wúlò ju ti ara hítà lọ.

Bí ẹ́límẹ́ǹtì bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń yí wọlé, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú tírẹ́ẹ̀dì, torí ibẹ̀ ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Orúkọ tí ọjà ń pè é kọ́ ni ohun tí rúlà máa sọ. Tírẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń pè ní íǹṣì 1 jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 33 ní fífẹ̀. Íǹṣì 1¼ jẹ́ 42, íǹṣì 1½ jẹ́ 48. Ẹni tó bá wọn mìlímítà 42 tó wá lọ béèrè ti íǹṣì 1½ á ra èyí tí kò ní wọlé.

Bó bá jẹ́ ti àwo irin, ẹ ka ihò bóòtù, ẹ wọn àárín ihò kan dé àárín ìkejì, ẹ wọn fífẹ̀ àwo náà, kí ẹ sì tẹ àmì rẹ̀ sórí páálí. Páálí yẹn dára ju àpèjúwe lọ. Ẹ wọn gígùn ẹ́límẹ́ǹtì láti ara àwo dé ṣóńṣó, kí ẹ sì wo ibi tó tẹ̀ sí: ti hítà tó dúró lóòró àti ti èyí tó dùbúlẹ̀ kì í tẹ̀ bákan náà. Èyí tó fi díẹ̀ kúrú lè ṣiṣẹ́. Èyí tó gùn jù á kan ògiri táǹkì. Ẹ má sì fi wáàtì kún un pé kó lè tètè gbóná. Wáyà, témósítáàtì àti bíríkà ni wọ́n ti yàn fún ti àkọ́kọ́.

Ní ti témósítáàtì, ẹ wọn gígùn ọ̀pá rẹ̀ (mìlímítà 270 wọ́pọ̀), kí ẹ sì wo áńpíà tí wọ́n kọ sí i. Ní ti ọ̀pá magnesium, gígùn, sísanra, àti bóòtù rẹ̀: M4, M5, M6 tàbí M8.

Nínú ọjà

L'Ékòó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Àlàbá International ní Ọ̀jọ́ fún ohun èlò iná, tàbí ọjà Ódùnadé ní Òrílé fún ohun èlò páìpù àti ilé ìwẹ̀. Ní ìlú mìíràn, ẹ wá ṣọ́ọ̀bù tí àwọn tó ń tún hítà ṣe ti ń ra nǹkan. Ẹ má dárúkọ ilé-iṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ gbé ògbólógbòó ẹ̀yà sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ 1500 W, 230 V, ihò márùn-ún, tó bá èyí dọ́gba."

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé tuntun lé ti tẹ́lẹ̀, ihò sí ihò. Ẹ wọn òómù rẹ̀ níwájú ọlọ́jà. Bí wọ́n bá kọ 1500 W sí i tí mítà sì ka òómù 48, 1100 W ni ẹ fẹ́ rà. Ẹ yan èyí tí wọ́n tẹ wáàtì àti fóòtì mọ́ irin rẹ̀, kì í ṣe bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nìkan.

Bí hítà náà bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò rí àwo tàbí ìdérí rẹ̀ mọ́, àwọn tó ń ra irin kọ̀ńdẹ́mù ló kù. Ìdérí, bọ́tìnnì yíyí, àwo irin tí kò tíì pẹtà àti irin ìfikọ́ ṣe é rà lọ́wọ́ wọn. Ẹ́límẹ́ǹtì, témósítáàtì, fáàfù àti gásíkẹ́ẹ̀tì kò ṣe é rà ní tòkunbọ̀, bó ti wù kó mọ́ tó. Bí ihò àwo kò bá sì dọ́gba, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lu ihò tuntun sí i; gásíkẹ́ẹ̀tì kò ní jókòó dáadáa mọ́.

Èyí tí mọ̀lẹ́bí fi ránṣẹ́ láti òkè òkun

Ẹ́límẹ́ǹtì láti Amẹ́ríkà kì í sábà bá ti wa mu. Bí ẹ bá fi èyí tí wọ́n ṣe fún 120 V, 1500 W, sínú iná 230 V, á fa nǹkan bí 5500 W, á sì jóná. Èyí tó jẹ́ 240 V, 4500 W, á fa áńpíà 18, tó kọjá agbára pílọ́ọ̀gì 13 A. Tírẹ́ẹ̀dì íǹṣì 1 tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ èyí tí à ń lò, ṣùgbọ́n tiwọn ní eyín 11½ nínú íǹṣì kan, tiwa ní 11. Á yí wọlé díẹ̀, á há, ẹni tó bá sì fi agbára yí i á ba ẹnu táǹkì jẹ́. Ti Bìrìtìkó bá iná wa mu, àmọ́ ẹ́límẹ́ǹtì ńlá inú táǹkì bàbà wọn ní tírẹ́ẹ̀dì íǹṣì 2¼, kò sì ní wọ inú hítà ara ògiri. Kí ẹni tó ń rà á fi àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó sanwó.

Ẹ dá a padà

Ẹ ha ojú ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí mọ́, kí ẹ sì lo gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ní gbogbo ìgbà. Ẹ fún bóòtù díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀kan sí èyí tó kọjú sí i, kí àwo lè tẹ̀ dọ́gba.

Ẹ pààrọ̀ fáàfù ààbò bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gbé sókè mọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ íǹṣì ½, tí wọ́n kọ 0.8 MPa tàbí 8 bar sí. Ọfà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí hítà. Omi lè máa kán níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí hítà ń gbóná. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹ má dí i.

Omi ló gbọ́dọ̀ ṣáájú iná. Ẹ ṣí omi tútù, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ omi gbígbóná máa tú títí afẹ́fẹ́ kò fi ní tú jáde mọ́. Ilé tí táǹkì òkè rẹ̀ ti gbẹ ni wọ́n ti máa ń jó ẹ́límẹ́ǹtì tuntun lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n rà á: bí omi kò bá bò ó, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́. Ẹ dúró fún ìdajì wákàtí kan, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu abẹ́ hítà láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ so wáyà gẹ́gẹ́ bí àwòrán tí ẹ yà, kí ẹ so àásì mọ́ irin, kí ẹ gbé témósítáàtì sí 60°C, kí ẹ sì tan bíríkà. Lẹ́yìn tó bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan tó sì ti tutù, ẹ pa bíríkà, kí ẹ tún àwọn bóòtù náà fún lẹ́ẹ̀kan sí i, torí gásíkẹ́ẹ̀tì máa ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ooru àkọ́kọ́.