Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Live Ìnáwó ní Ilé-Ifẹ̀ Kí Wọ́n Má Ti Ìkànnì Yín Pa

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń fi fóònù gbé ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà sórí YouTube àti Facebook ní Ilé-Ifẹ̀, kí àwọn ẹbí tó wà lókè òkun lè wò ó lójú ẹsẹ̀, ló rò pé ìkànnì àwọn abúni àti oníjìbìtì nìkan ni wọ́n máa ń tì pa. Nínú iṣẹ́ tiwa, orin tí DJ ń gbé sí i nígbà tí ìyàwó ń jó wọlé ló ń dá ẹjọ́ sílẹ̀ jù.

YouTube ní ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Content ID, èyí tí ó máa ń fi ohùn inú fídíò wé àkójọ orin tí àwọn tó ni wọ́n ti fi sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, kì í sì í dúró dìgbà tí ẹ bá parí live kí ó tó dá orin mọ̀. Bí ó bá dá a mọ̀, wọ́n lè fi àwòrán kan bo ojú live náà, kí wọ́n sì kìlọ̀ fún yín. Bí orin náà kò bá dáwọ́ dúró, wọ́n lè gé e. Pé DJ gba owó iṣẹ́ rẹ̀, tàbí pé ẹ fi owó yín ra orin náà, kò fún yín láṣẹ láti gbé e sáfẹ́fẹ́. Nítorí náà, ẹ tètè dé gbọ̀ngàn, kí ẹ bẹ ẹni tó ń bójú tó gbohùngbohùn pé kí ó fún yín ní wáyà tí yóò gbé ohùn alága ìdúró àti alága ìjókòó nìkan wá sínú fóònù yín. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ pa ohùn fóònù nígbà tí DJ bá bẹ̀rẹ̀. Èmi a máa bẹ ẹbí pé kí onídùndún ṣáájú ìyàwó wọlé, nítorí pé oríkì tí ó ń fi ìlù kì lójú agbo kì í ṣe orin tí ẹnikẹ́ni ti fi pamọ́ síbì kan. Bí mo bá ti pa live, kí DJ máa ṣe tirẹ̀. Níbi ìgbéyàwó kan ní Lágere tí mo ti gbàgbé èyí, live gé nígbà tí ìyàwó kúnlẹ̀ gbàdúrà, àǹtí ọkọ tó wà ní Kánádà kò sì tíì dárí jì mí.

Ìkìlọ̀ Content ID yàtọ̀ sí àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń pè ní strike. Ìgbà tí ẹni tó ni orin bá kọ̀wé pé kí wọ́n yọ fídíò yín kúrò ni strike ń dé, mẹ́ta láàrin 90 ọjọ́ sì tó láti pa ìkànnì rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọdún ìbílẹ̀ gba ìṣọ́ra tirẹ̀. Òfin YouTube kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni di ìbọn mú nínú live, ì báà má yìn ín. Ìbọn inú géèmù ni wọ́n yọ sílẹ̀. Bí àwọn ọdẹ bá gbé ṣakabùlà jáde níbi ọdún Ògún tàbí ìsìnkú ọdẹ, ẹ yí kámẹ́rà sí àwọn onílù, nítorí n kò gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹni tó ń ṣèdájọ́ lókèèrè yóò mọ̀ pé ayẹyẹ ni. Bákan náà ni kí ẹ ṣe nígbà tí wọ́n bá ń pa ẹran.

Facebook tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: lẹ́yìn tí apànìyàn kan fi live hàn bí ó ṣe ń yìnbọn pa àwọn Mùsùlùmí ní ìlú Christchurch ní New Zealand ní oṣù Kẹta ọdún 2019, wọ́n ṣòfin pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kan ṣoṣo lè gba live lọ́wọ́ ènìyàn fún ìgbà kan. Ní ti TikTok, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ṣe live.

Bí wọ́n bá ti dá yín dúró, ẹ má ṣe bọ́ sórí ìkànnì mìíràn láti máa bá live lọ, torí YouTube ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ pa ìkànnì rẹ́. Ẹ ka ímeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ wá ìṣẹ́jú tí wọ́n tọ́ka sí nínú fídíò, kí ẹ sì pe ẹjọ́ náà bí ẹ bá jàre. Ní ti orin, ẹni tó bá kọ̀wé tako strike gbọdọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ gan-an, wọn yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án. Ní ọjọ́ ìnáwó, ẹ fi fóònù kejì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹbí lórí WhatsApp bí live bá gé.