Bí Mo Ṣe Rí Àlejò fún Ìkànnì Tuntun
Ìkànnì tí mo fi ń júwe inverter àti bátìrì, kí n lè gba làádà lórí ohun tí òǹkàwé bá rà, kò ní àlejò ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé Google kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé ó wà. Nínú ètò Reading ti WordPress, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ́ ìkànnì náà, àmì tí ń dá ẹ̀rọ ìṣàwárí dúró ṣì wà níbẹ̀. Mo yọ ọ́, mo sì fi sitemap, ìyẹn àkójọ àwọn ojú ewé ìkànnì náà, ránṣẹ́ sí Google nípasẹ̀ Search Console, irinṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn onílé ìkànnì. Ìyẹn nìkan kò tó. Dípò kí n máa kọ nípa orúkọ ọjà lásán, tí àwọn ilé ìtajà ńlá ti gba iwájú lórí rẹ̀ nínú èsì ìṣàwárí, mo ń dáhùn ìbéèrè gidi, bíi bóyá bátìrì lithium sàn ju tubular (irú bátìrì olójé kan) lọ fún ilé tí ó ní fíríìjì. Irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ni àlejò ń gbà wọlé báyìí.