Bí a ṣe ń gbẹ́ ṣakabùlà onígi tá a máa gbé kọ́ ara ògiri

Ọkun o gbogbo ilé. Àwa ará Kábbà, Ìyàrà, Mọ́pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti gbogbo agbègbè wa, kò sí ẹni tí kò mọ ṣakabùlà nínú wa, ìbọn gígùn àwọn ọdẹ tí wọ́n máa ń ti ẹnu ẹ̀ ki ẹ̀tù sí kí wọ́n tó fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn tó ní èyí tí bàbá àgbà fi sílẹ̀, òmíràn ti dógùn-ún tán, ikán ti jẹ ìdí ẹ̀, àwọn ọmọ sì ń bi wá pé báwo ló ṣe rí nígbà tó ṣì dáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ bá a ṣe lè fi igi gbẹ́ irú ẹ̀ nílé, kó gùn bó ṣe yẹ, kó rẹwà, ṣùgbọ́n kó má lè yìn láé.

Ẹ jẹ́ ká sọ eléyìí kó yé wa kedere kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kan ayùn. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ṣakabùlà mọ́ ìbọn, kò sì sí pé ti ìbílẹ̀ ni torí náà kò kan ìjọba, ẹni tó bá ṣe ìbọn gidi nílé láìgba àṣẹ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Yàtọ̀ sí òfin, irin tí èèyàn tí ò kọ́ṣẹ́ bá ṣe lè fọ́ mọ́ ọn lójú. Nítorí náà ohun tá a fẹ́ ṣe yìí, igi ni látòkè délẹ̀, àfi awo idẹ pẹlẹbẹ kan tá a máa kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fún ẹwà, ọ̀pá ẹ̀ ò ní ihò rárá, kò sí páìpù, kò sí sípíríǹgì, kò sí nǹkan kan tó ń mira. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín pé ẹ ki páìpù sí i kó lè jọ tòótọ́, ọwọ́ tó bá gbẹ́ igi dáadáa á jẹ́ kó jọ ọ́.

Igi la máa kọ́kọ́ wá. Mẹ̀línà ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, kì í sì í ya bọ̀rọ̀. Ọ̀gànwó rẹwà jù ú lọ, ó ní àwọ̀ pupa tó bá ìdí ìbọn mu gan-an, ṣùgbọ́n ó le díẹ̀. Ìrókò náà dáa o, kìkì pé eruku ẹ̀ máa ń yún èèyàn lára, ó sì máa ń dà wọ́n láàmú nímú, ẹ fi nǹkan bo imú yín tẹ́ ẹ bá ń fá a, àní igi yòówù kó jẹ́. Ẹ ra pákó kan tó gùn tó ẹsẹ̀ 5, kó fẹ̀ tó íńṣì 7, kó nípọn tó íńṣì 2, kẹ́ ẹ tún ra igi tínrín kan tó jẹ́ íńṣì kan àtààbọ̀ níbùú lóròó, tó gùn tó íńṣì 44, èyí ló máa di ọ̀pá ìbọn. Pákó tútù ò dáa. Ẹ fi kun tàbí gọ́ọ̀mù pa orí pákó náà méjèèjì, kẹ́ ẹ wá gbé e sínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí tí ọyẹ́ bá bá igi tútù níta, orí ẹ̀ ló ti máa ń sán wọlé.

Ìyàwòrán ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ó yẹ kéèyàn lo àkókò jù. Ẹ wá páálí gígùn, ẹ lẹ méjì pọ̀ tí kò bá tó, kẹ́ ẹ ya ẹ̀gbẹ́ ìbọn náà sí i bó ṣe máa tóbi gan-an. Láti ẹnu títí dé ìdí kó jẹ́ íńṣì 60, 44 fún ọ̀pá, 16 tó kù fún ọrùn àti ìdí. Ìdí náà gbọ́dọ̀ rọ̀ wálẹ̀ ju ìlà ọ̀pá lọ tó nǹkan bí íńṣì 2 àtààbọ̀, ẹ̀yìn ìdí kó ga tó íńṣì 4 àtààbọ̀, ọrùn ibi tí ọwọ́ ń dì mú kó má ju íńṣì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ gbé páálí yẹn kọ́ ògiri, ẹ lọ sẹ́yìn, ẹ wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Ẹwà ṣakabùlà wà nínú gígùn ẹ̀ àti bí ọrùn yẹn ṣe tín-ín-rín tó sì rọra tẹ̀, tí ọrùn bá sanra jù, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, á dà bí igi ìdáná. Tí bàbá kan tó jẹ́ ọdẹ bá wà nítòsí tó ní láìsẹnsì, ẹ tọ̀ ọ́ lọ, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ fi téèpù wọn tiẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ni kó dì í mú.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé páálí lé pákó kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù tọ ọ́, ẹ wo ojú ìlà igi náà, ó gbọ́dọ̀ máa bá ọrùn lọ gígùn ni, kó má gé e kọjá. Bí ìlà igi bá gé ọrùn kọjá, ibẹ̀ ló máa ti kán lọ́jọ́ tó bá jábọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ayùn gé e, tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ fún káfíńtà tó ní ẹ̀rọ, kò gba àkókò.

Ọ̀pá ìbọn báyìí. Èèyàn ò ní kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fá igi onígun mẹ́rin kó di róbótó, kò ní gún. Láti igun kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn íńṣì 7/16 sí apá méjèèjì kẹ́ ẹ fa ìlà láti orí dé ìdí, ẹ fi ìfági fá àwọn igun náà kúrò títí tó fi kan ìlà, á di onígun mẹ́jọ tó dọ́gba. Àwọn ìbọn àtijọ́ kan jẹ́ onígun mẹ́jọ lápá ẹ̀yìn lóòótọ́, kó tó di róbótó níwájú, ẹ lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún íńṣì 8 tàbí 9, ó máa ń dùn ún wò. Èyí tó kù kẹ́ ẹ tún fá àwọn igun kéékèèké yẹn, kẹ́ ẹ wá fi sáńpépà yí i po. Ẹ̀yìn kó nípọn ju ẹnu lọ díẹ̀, íńṣì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ́yìn, nǹkan bí 7/8 lẹ́nu. Ẹ má fi dírìlì lu ẹnu ẹ̀ o, kun dúdú róbótó kékeré kan lẹ́nu ti tó.

Ìtẹ́ tí ọ̀pá máa sùn sí lórí pákó, ṣísùlì tí ojú ẹ̀ tẹ̀ la fi ń gbẹ́ ẹ, díẹ̀ díẹ̀. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tó ń ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀: ẹ lọ èédú kúnná, ẹ fi pa abẹ́ ọ̀pá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ìtẹ́ kẹ́ ẹ gbé e kúrò. Ibi tí èédú bá dúdú sí nínú ìtẹ́, ibẹ̀ ló ga jù, ibẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fá. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí tí dúdú náà á fi kárí, tí ọ̀pá á fi wọlé dé ìdajì láìmì. Ó ń gba sùúrù, ó sì tọ́ sí i, torí ojú ìpàdé yẹn lojú gbogbo èèyàn máa ń lọ. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kẹ́ ẹ fi rọ́bà táyà tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ wé e dan-indan-in di ọjọ́ kejì tí kò bá sí klámpù.

Ìdí àti ọrùn, ráspù, ìyẹn fáìlì eléyín ńlá, ló máa ṣe iṣẹ́ ńlá, fáìlì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà sáńpépà tó le títí dé èyí tó kúnná. Ẹ fi aṣọ tútù nu igi náà kẹ́ ẹ tó lo sáńpépà ìkẹyìn, irun igi á dìde, ẹ wá fá a kúrò. Awo ẹ̀gbẹ́ níbi tí òkúta tó máa ń ta iná sí ẹ̀tù máa ń wà lára ìbọn gidi, ẹ gé e lára idẹ pẹlẹbẹ tàbí páànù, kó gùn tó íńṣì 6, ẹ rì í sínú igi díẹ̀ kó bára dọ́gba, kẹ́ ẹ fi súkúrù kéékèèké kàn án. Akùkọ tó máa ń gbé òkúta dání, igi ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pátápátá, ibi ìfà náà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ọ̀pá ìkìbọn, ẹ lẹ òun náà mọ́ abẹ́.

Tó bá jẹ́ mẹ̀línà lẹ lò, ó funfun jù, ẹ se tíì kó le dáadáa, ẹ fi pa ìdí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó bá gbẹ kẹ́ ẹ fi fínígà tẹ́ ẹ ti rẹ ìṣó dídógùn-ún sí fún ọjọ́ mélòó kan pa á lé e, á ṣókùnkùn bí igi àtijọ́. Òróró línsíìdì tí wọ́n ń tà níbi kun ló kàn, ẹ fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ nu èyí tó kù kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó tún pa á. Ẹ má lo àdín tàbí epo pupa, wọn kì í gbẹ lára igi, eruku ni wọ́n á máa kó. Aṣọ tẹ́ ẹ bá fi pa línsíìdì, ẹ má ká a jọ síbì kan o! Ó máa ń gbóná fúnra ẹ̀ tí iná á sọ, ẹ tẹ́ ẹ síta tàbí kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sómi. Ọ̀pá ìbọn, ẹ kùn ún ní dúdú tí kì í dán, àmọ́ íńṣì méjì ìkẹyìn lẹ́nu kẹ́ ẹ kùn ún ní pupa kedere. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ó ba ẹwà jẹ́, mi ò gbà.

Torí ẹ wo bí ojú ọ̀nà wa ṣe rí lákòókò yìí, ọlọ́pàá, sójà àti fijilanté ni gbogbo ibi, ọkàn gbogbo èèyàn ò sì balẹ̀ nítorí àwọn ajínigbé. Ẹni tó bá rí ìbọn yẹn lọ́wọ́ yín nínú òkùnkùn ò ní dúró bi yín bóyá igi ni. Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà, ẹ má fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ẹ má jẹ́ kọ́mọdé gbé e jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó fún eré tàbí ọdún ìlú, ẹ kọ́kọ́ sọ fún baálẹ̀ àti àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ wé e sínú aṣọ dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ tún wé e padà.

Nílé, èèkàn igi méjì lára ògiri pálọ̀ ti tó, ìkan lábẹ́ ọrùn, ìkan níwájú, kó ga ju ibi tí ọwọ́ ọmọ lè dé. Kó má kan ògiri tó ń rin nígbà òjò, kí oòrùn ojú wíńdò má sì pa á, lọ́dọọdún tí òjò bá dáwọ́ dúró kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ yẹ abẹ́ ẹ̀ wò bóyá kòkòrò ti ń lu igi, kẹ́ ẹ tún fi òróró pa á díẹ̀.