Bí A Ṣe Ń Gbé Bíà Tí A Pọn Nílé Síwájú Àwọn Apọntí Ẹgbẹ́ Wa

Nínú ìlànà tí ẹgbẹ́ BJCP, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn adájọ́ bíà tó sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, fi ń ṣe ìdájọ́ bíà, máàkì 50 ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n 3 péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìrísí. Òórùn gba 12, ìtọ́wò gba 20, bí ọtí náà ṣe rí lẹ́nu gba 5, èrò àpapọ̀ ẹni tó tọ́ ọ wò sì gba 10. Síbẹ̀, nígbà tí àwa tí a ń pọn bíà nílé bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ wa han ara wa, àwòrán ni a máa ń kọ́kọ́ gbé jáde. Ẹni tó ń wò ó á ní "ó mà dára o", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú fífi ojú gbádùn bíà, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ ohun tó wà nínú ife yín ní ti gidi, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìgò rárá.

Ẹ rí i dájú pé ọtí náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó rọ ọ́ sínú ìgò. Ẹ fi háídrómítà wọn bí ó ṣe ki tó, kí ẹ sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí òǹkà méjèèjì bá bára mu, ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà tó lè jẹ tán nìyẹn. Ẹni tó bá kánjú rọ ọ́ ti di bọ́ǹbù sínú àpótí, nítorí gáàsì á máa pọ̀ sí i títí ìgò yóò fi bẹ́, àfọ́kù gíláàsì kò sì mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀. Ṣúgà tuntun bíi gíráàmù 6 sí lítà kan, tí a fi kún un nígbà tí a bá ń rọ ọ́ sínú ìgò, ti tó fún ọ̀pọ̀ bíà láti hó dáadáa. Ẹ fi wọ́n síbi tí ìgbóná rẹ̀ tó dígíríì 20 fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé wọn nàró nínú fíríìjì fún ọjọ́ méjì, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè rọlẹ̀.

Ìgò búráùn ni kí ẹ lò. Ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ èròjà kíkorò tó wá láti ara họ́ọ̀pù, òdòdó tí a fi ń pọn bíà, di òórùn burúkú, ìgò búráùn sì ń dí ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà lọ́nà, nígbà tí ìgò aláwọ̀ ewé àti èyí tó mọ́ gaara kò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bò ó. Mo ti gbé ìgò tó mọ́ gaara sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rí nítorí kí àwọ̀ ọtí lè yọ nínú àwòrán. Àwòrán náà dára gan-an, ṣùgbọ́n a kò rí ẹni tó mu ọtí náà tán.

Ẹ kọ irú bíà tó jẹ́, ọjọ́ tí ẹ rọ ọ́ àti agbára rẹ̀ sára ìgò. Ìṣirò agbára kò le: ẹ yọ òǹkà háídrómítà ìkẹyìn kúrò nínú èyí tí ẹ kà kí ìwúkàrà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 131.25. Bíà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1.050 tó sì parí sí 1.010 yóò jẹ́ nǹkan bí ìdá 5.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wíìtì tàbí ṣúgà tí a yọ lára wàrà bá wà nínú rẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà, torí ara ẹlòmíràn kì í gbà á.

Ife ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Òróró díẹ̀ tàbí ọṣẹ tí a kò ṣàn kúrò tán yóò pa ìfófòó bíà kíákíá. Bí ẹ bá sì rí èéfóòfó kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ara ife nísàlẹ̀ ìfófòó, ife yẹn kò mọ́. Ẹ jẹ́ kí ife fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ ti ń dà á, kí ẹ gbé e nàró nígbà tí ó bá dé ìdajì, kí ìfófòó tó ìka méjì lè gbé orí sókè, kí ẹ sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Àwọn bíà kan wà, bíi bíà wíìtì ti Jámánì, tí a máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da ìwúkàrà wọn mọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí ó tutù jù, nítorí òtútù ń bo òórùn mọ́lẹ̀: lager, bíà tí ìwúkàrà rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú òtútù, fẹ́ dígíríì 4 sí 7, ale, èyí tí tirẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tó gbóná díẹ̀, fẹ́ 8 sí 12, àwọn dúdú tó lágbára sì lè dé 14. Bí ẹ bá fẹ́ ya àwòrán, ìsinsìnyí ni: pépà funfun lẹ́yìn ife, ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tan fíláàṣì.

Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn kí ẹ tó mu, nítorí òórùn tó dára jù lọ máa ń tètè fò lọ. Mílílítà 60 sí 100 ti tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó fẹ́rẹ́ lọ sórí èyí tó lágbára, kí omi sì wà nítòsí. Ẹni tó pọn ọtí kò gbọdọ̀ sọ àléébù rẹ̀ ṣáájú, torí ohun tó bá ti sọ ni gbogbo ènìyàn yóò máa rí.

Ẹni tó ń yìn ín ni ọ̀rọ̀ wá kàn. "Ó dùn" kò kọ́ apọntí ní nǹkan kan. Ẹ sọ ohun tí imú yín rí: búrẹ́dì yíyan, kọfí, ọsàn, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti kànáfùrù tí ìwúkàrà bíà wíìtì máa ń mú wá. Bí ẹ bá rí àléébù, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ohun tó ṣeé ṣe kó fà á, nítorí ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Òórùn bọ́tà sábà máa ń fi hàn pé a yára gba ọtí kúrò lọ́wọ́ ìwúkàrà, òórùn ápù tí kò tíì pọ́n sì ń sọ pé ọtí ò tíì gbó. Òórùn páálí tó rin omi túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ wọlé nígbà tí a ń rọ ọ́. Àgbàdo sísè lè wá láti inú ìkòkò tí a dé nígbà tó ń hó. Bí ó bá kan bí ọtí kíkan láìjẹ́ pé apọntí fẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun èlò rẹ̀ ni kó lọ fọ̀.

Ẹ kọ gbogbo èyí sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìgò kan pamọ́ nínú òkùnkùn fún oṣù mẹ́ta, kí àwọn kan náà tún wá tọ́ ọ wò, kí ẹ sì kọ ti ìgbà yẹn náà sílẹ̀. Òórùn họ́ọ̀pù yóò ti dínkù, bíà dúdú tó lágbára sì lè ti rọ̀ lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ; ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣí ìwé méjèèjì síra wọn.