Bátìrì ẹ̀rọ ọgbà: bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti bí a ṣe ń palẹ̀ èyí tó ti kú mọ́

Bátìrì tí kò lè gbé ẹ̀rọ ìgéko mọ́ kò tíì kú tán. Ó ṣì ní ìwọ̀nba iná nínú, pàápàá bó bá jẹ́ ti lithium, bí irin kan bá sì kan ojú iná rẹ̀ méjèèjì (ibi tí iná ń gbà jáde) lẹ́ẹ̀kan náà, iná díẹ̀ yẹn tó láti ràn mọ́ ohun tó yí i ká.

Ooru ló ń tètè pa bátìrì wọ̀nyí. Nígbà tí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀. Bó bá ṣì ń gbóná, ẹ má tíì gbé e sórí ṣájà, ẹ jẹ́ kó tutù níbi tí afẹ́fẹ́ wà fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú. Òtútù náà ní tirẹ̀: bí ojú ọjọ́ bá tutù tó èyí tí omi fi ń dì, ẹ má ṣe fi iná sí bátìrì lithium rárá, nítorí pé ìgbà náà ni lithium máa ń di irin wínníwínní sínú rẹ̀, èyí tó lè so apá méjèèjì inú bátìrì náà pọ̀ lọ́jọ́ iwájú, kó sì gbiná. Ṣájà tó bá a wá ni kí ẹ máa lò. Pé ẹnu wọn bára mu kò ní kí agbára wọn dọ́gba, bátìrì 18V kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ 36V.

Bí ẹ kò bá ní lò ó fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi iná inú rẹ̀ sí bí ìdajì. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní iná kéékèèké mẹ́rin lára. Bí méjì bá tàn, ó tó. Ibi gbígbẹ tí oòrùn kì í pa ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù méjì-mẹ́ta síra, torí pé bí ó bá gbẹ pátápátá, ó lè bàjẹ́ débi pé fífi iná sí i padà á di ewu. Bátìrì olójé, irú èyí tó máa ń wà nínú ọkọ̀, yàtọ̀: òun ní láti kún kí ẹ tó gbé e pamọ́.

Ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ. Mo mọ̀ pé ó máa ń súni, àmọ́ ìka tí abẹ bá gé kì í hù padà. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nu ojú iná rẹ̀, ẹ má ṣe da omi sí i.

Bí bátìrì tó máa ń wọ ihò rẹ̀ wẹ́rẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í há, ó ṣeé ṣe kó ti wú. Bó bá wú, tó sán, tàbí tó ń rùn bí òórùn ọ̀dà, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ má gún un, ẹ má tú u wò, ẹ má sì fi iná sí i mọ́. Ẹ gbé e síta, jìnnà sí ilé àti ohun tó lè jóná, sínú garawa onírin tí yanrìn gbígbẹ wà nínú rẹ̀, láìdé e pa. Bó bá ti ń rú èéfín tàbí tó ń pariwo ṣíì-ṣíì, ẹ sá kúrò níbẹ̀ kí ẹ sì pe àwọn panápaná. Májèlé ni èéfín yẹn.

Èyí tó kàn dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ fi téèpù tí àwọn oníná ń lò bo ojú iná rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀. Ẹ má jù ú sínú pàǹtírí, nítorí pé ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí máa ń tẹ ẹrù rẹ̀ pọ̀, bátìrì tó bá sì fọ́ nínú rẹ̀ lè sọ gbogbo ẹrù náà di iná. Sísun ún tàbí rírì í mọ́lẹ̀ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: òjé, àti cadmium (irin olóró kan) inú àwọn ti àtijọ́, á wọ inú ilẹ̀ àti omi. Ibùdó tó ń gba bátìrì, tàbí ilé ìtajà tó ń gbà á padà, ni kí ẹ gbé e lọ. Bó bá sì ti wú tàbí tó fọ́, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí wọ́n sọ bí ẹ ó ṣe gbé e wá. Títí di ìgbà náà, ẹ má kó o sínú àpótí tí ìṣó àti sípánà wà.